Kànga Abẹ́ Ibi Ìgbọ́kọ̀sí: Ẹ̀sítéètì Kan, Abúlé Kan, àti Omi Tí Wọ́n Jọ Ń Pọn

Ẹ̀sítéètì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé wà ní àgbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò jìnnà sí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ilé 64 ló wà níbẹ̀, ògiri yí i po, géètì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà. Omi ìjọba kò dé ibẹ̀. Bọ́hòlù kan ló ń bọ́ gbogbo ilé, súmò 2 hp, ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, ló wà nínú rẹ̀, táǹkì mẹ́rin tó gba lítà 5,000 níkọ̀ọ̀kan ló sì ń gbé omi sí, lórí irin tó ga tó mítà 9. Súmò náà ń gbé bíi lítà 4,000 wá ní wákàtí kan. Bí táǹkì bá gbẹ pátá, wákàtí márùn-ún ni yóò gbà kó tó kún. Bí iná ò bá sí, jẹnẹrétọ̀ 20 kVA ló ń fà á, ìyẹn sì ń mu dísù lítà 3.5 ní wákàtí kan. Nínú owó ìtọ́jú tí wọ́n ń dá lóṣooṣù, dísù yìí ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ̀rọ omi méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, lápá ìta. Ohun tí àwọn onílé gbọ́ ni pé nítorí àwọn bíríkìlà ni ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ẹ̀sítéètì ṣe fi wọ́n síbẹ̀. Àwọn bíríkìlà lọ, ẹ̀rọ omi kò lọ. Abúlé kékeré kan wà ní ìkọjá ọ̀nà, kò ju ilé 30 lọ, àwọn ìyá àtàwọn ọmọ ibẹ̀ ló ń wá pọnmi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, àwọn mẹ́ruwà, àwọn tó ń ta omi kiri, náà gbọ́, wọ́n ti ọmọlanke dé.

Kò sẹ́ni tó bínú títí owó dísù fi gbówó lórí, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán nínú táǹkì kí aago méje alẹ́ tó lù. Ní ìpàdé àwọn onílé, ẹnìkan dìde ó ní àwọn ará ìta ló ń gbé ìdajì omi lọ. Ìpàdé pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, "ìdajì" di òótọ́ tí gbogbo ènìyàn ń sọ, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò wọn nǹkan kan.

Àgádágodo

Wọ́n ṣe àpótí irin bo ẹ̀rọ méjèèjì, wọ́n fi àgádágodo tì í, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé omi yìí kì í ṣe fún ará ìta. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkàn wọn fi balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn ìyá abúlé to kẹ́ẹ̀gì òfìfo sójú géètì láti òpó dé òpó, ọkọ̀ ò lè wọlé, kò sì lè jáde. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, ẹnìkan gé páìpù ínńṣì kan tó gba ìdí ògiri ẹ̀yìn kọjá lóru. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, táǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbẹ.

Omi tó dànù kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Bí páìpù bá já tí táǹkì sì ń gbẹ, omi tó ṣẹ́kù nínú páìpù àwọn ilé alájà yóò máa sọ̀ kalẹ̀, bó ṣe ń sọ̀ ni yóò máa fa ẹrọ̀fọ̀ wọlé láti ojú ibi tó já. Púlọ́mbà so ó pọ̀ láàárọ̀, wọ́n tan súmò, omi pupa ló jáde nínú ilé mẹ́sàn-án. Ó di kí wọ́n fi kilorínì fọ gbogbo ọ̀nà omi. Láti mú lítà 20,000 dé mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, kìlógíráàmù kan kilorínì gidi ló gbà. Ìyẹ̀fun tí wọ́n rà lọ́jà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà kìlógíráàmù 1.54 ni wọ́n pò sínú omi kí wọ́n tó dà á sínú táǹkì. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ tó jìnnà jù títí òórùn kilorínì fi jáde níbẹ̀, wọ́n tì í, wọ́n fi í sílẹ̀ fún wákàtí 12, wọ́n wá da gbogbo rẹ̀ nù. Odindi ọjọ́ méjì ni ẹ̀sítéètì fi ń ra omi táńkà. Owó táńkà yẹn nìkan ju ohun tí omi abúlé ń ná wọn lóṣù kan lọ, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ̀.

Káàdì àti ogún náírà

Wọ́n tú àgádágodo, wọ́n ṣe káàdì. Ilé kọ̀ọ̀kan gba káàdì mẹ́ta fún ọmọ ọ̀dọ̀, awakọ̀ àti alágbàfọ̀. Ẹni tí kò bá ní káàdì kò gbọdọ̀ pọnmi. Ohun tí wọn ò rò ni pé abúlé yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ náà ti ń wá. Kí oṣù kan tó pé, káàdì ti ń wọ abúlé, ó ń jáde, àwọn onílé fúnra wọn ló ń yá ènìyàn. Ìyá tó bá ń bá wọn se oúnjẹ láti ọdún mẹ́rin, ta ni yóò wò ó lójú pé kó má pọnmi kẹ́ẹ̀gì méjì relé? Wọ́n tún so ìwé tí orúkọ, fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù àwọn òṣìṣẹ́ yìí wà nínú rẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé ilé ẹ̀ṣọ́, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè kà á. Àfi ìgbà tí ẹnìkan rán ìgbìmọ̀ àwọn onílé létí pé òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023 ni wọ́n tó yọ ọ́.

Lẹ́yìn káàdì ni owó. Ogún náírà fún kẹ́ẹ̀gì kan, kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì máa gbà á. Oṣù àkọ́kọ́, owó tó wọlé kò tó ra dísù lítà mẹ́wàá. Ìgbìmọ̀ ní àwọn ará abúlé kì í sanwó, ẹ̀ṣọ́ náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà tí wọ́n wọn ọ́n

Alábòójútó tuntun ni wọ́n gbà lẹ́yìn èyí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sábẹ́ ẹ̀rọ ìta, ó ń wo aago: ìṣẹ́jú-àáyá 75 ló fi kún. Ìyẹn jẹ́ lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan, 40 fún ẹ̀rọ méjèèjì. Bí wọ́n bá ṣí i fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́ tí wọn ò tì í rárá, lítà 12,000 ni. Kódà bí a bá fi wákàtí méjì kún un nítorí àwọn tó ń yọ́ wá, 16,800 ni. Ó wá wo ìwé súmò: wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú 36 ló ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, bíi lítà 34,400. Láìtíì ka kẹ́ẹ̀gì kan, "ìdajì" ti di irọ́. Ẹnu ẹ̀rọ yẹn ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n kà á. Kò lo àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó fi ọ̀dọ́ méjì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdì kejì ọ̀nà, láti aago márùn-ún ìdájí di mẹ́wàá alẹ́, fún ọjọ́ méje. Kẹ́ẹ̀gì 150 lójúmọ́ ni wọ́n rí, lítà 3,750, ìyẹn bíi ìdá kan nínú mẹ́sàn-án gbogbo omi. Ìyẹn náà tún pín sí méjì. Kẹ́ẹ̀gì 58 péré ni ti abúlé, lítà 1,450. Àwọn 92 yòókù, orí ọmọlanke ni wọ́n gbà lọ, ọmọlanke mẹ́jọ lójúmọ́, èyí tó gbé 11, èyí tó gbé 12, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń dé kí aago mẹ́fà tó lù, kí ìgbìmọ̀ tó jí.

₦300 ni mẹ́ruwà kọ̀ọ̀kan ń fún ẹ̀ṣọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦2,400 lójúmọ́, ₦72,000 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi ṣòfin lọ́dún 2024 jẹ́ ₦70,000. Owó oṣù ẹ̀ṣọ́ yìí kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń jẹ ẹ́ ní gbèsè oṣù méjì. Àwọn kan ní kí wọ́n lé e lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Alábòójútó ní kí wọ́n kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa ṣọ́ géètì. Èrò tiwa ni pé ó tọ̀nà: ẹ̀ṣọ́ tuntun tí owó oṣù rẹ̀ bá rí bákan náà, ọmọlanke kan náà ni yóò bá pàdé.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìdánwò òru ló fi ìyẹn hàn. Táǹkì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 1.8, nítorí náà bí omi bá fi sẹ̀ǹtímítà kan wálẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, bíi lítà 100 ló lọ. Alábòójútó so rọ́bà tó mọ́ gaara mọ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì kí ojú omi lè hàn, ó sàmì sí i ní aago kan òru, súmò wà ní pípa, ẹ̀rọ ìta wà ní títì. Ní aago mẹ́rin, omi ti fi sẹ̀ǹtímítà 2.4 wálẹ̀. Lítà 240 láàárín wákàtí mẹ́ta, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, lítà 1,920 lójúmọ́ ni.

Òru mẹ́ta ló fi wá a. Ó ti fáàfù òpópónà kan lálẹ́ kan, èyí tí omi kò wálẹ̀ mọ́ nígbà tó tì í ni ó tẹ̀ lé, ó wá ń ti ilé kọ̀ọ̀kan lórí òpópónà náà. Ilé tó rí i jẹ́ èyí tí kò sẹ́ni tó gbé inú rẹ̀ láti ọdún kan ó lé. Bọ́ọ̀lù tó ń dá omi dúró nínú agbada omi ṣáláńgá méjì níbẹ̀ ti bàjẹ́, omi ń ṣàn sínú ìhò jẹ́ẹ́, kò pariwo. Ilé òfìfo kan ṣoṣo ń da omi nù ju èyí tí odindi abúlé ń pọn lọ.

Ìwé bàbá àgbà

Pẹ̀lú nọ́ńbà yìí lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ pe àwọn àgbà abúlé. Èrò wọn ni láti sọ fún wọn pé mẹ́ruwà ni ìṣòro, kí wọ́n jọ lé wọn. Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn gbọ́ tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé kànga wa ni ẹ gbé mọ́tò lé?" Ó yọ ìwé kan jáde nínú ike.

Ojú ewé kan ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ̀ka sí i. Ìdílé tó ta ilẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ẹ̀sítéètì ló ṣe é. Kànga abúlé bọ́ sínú ilẹ̀ tí wọ́n tà, níbi tó di ibi ìgbọ́kọ̀sí lónìí. Ilé-iṣẹ́ náà dí i, ó sì ṣèlérí ẹ̀rọ omi fún abúlé dípò rẹ̀. Ẹ̀rọ méjì ẹnu géètì nìyẹn. Kì í ṣe ti bíríkìlà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń fa ẹ̀sítéètì lé àwọn onílé lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ àti àwòrán ilẹ̀ ló kó fún wọn, kò mẹ́nu ba ìwé yìí.

Lọ́yà tí wọ́n lọ bá kò fọwọ́ sọ̀yà fún wọn. Ó ní nínú òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìlérí tó jẹ mọ́ owó níná kì í ṣàdédé gun orí ẹni tó ra ilẹ̀ lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ láti pọnmi lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn jẹ́ ohun tí kóòtù mọ̀ pé ó lè so mọ́ ilẹ̀, yálà ẹni tó ni ín yí padà tàbí kò yí. Àwọn méjèèjì ní ohun tí wọ́n lè rò lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì lè pẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ ṣe àdéhùn tiwọn.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e gbóná. Àwọn kan ní àwọn ti ra ilẹ̀ pátá, kò kan àwọn. Alábòójútó kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, ìṣirò ló gbé kalẹ̀. Lítà 1,000 ń jẹ dísù lítà 0.875. Omi abúlé, lítà 1,450, ń jẹ bíi lítà 1.27 lójúmọ́, ká tilẹ̀ ní iná ò wá rárá. Bí dísù bá jẹ́ ₦1,100, bíi ₦1,400 lójúmọ́ nìyẹn. Pín in sí ilé 64, kò tó ₦660 ní ilé kan lóṣù. Ariwo rọlẹ̀. Ibò 37 sí 14 ni wọ́n fi gbà pé kí àdéhùn wà.

Ohun tí wọ́n kọ́, àti ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́

Wọ́n gbé ibi ìpọnmi kúrò lẹ́nu géètì lọ sí igun ògiri tó kọjú sí abúlé, kí kẹ́ẹ̀gì àti ọkọ̀ má tún pàdé mọ́. Páìpù ínńṣì kan ló wá láti ìdí táǹkì ńlá, ó ní fáàfù tirẹ̀ nínú ọgbà, mítà sì wà nínú àpótí tó ní gíláàsì kékeré lójú ògiri, kí tọ̀tún-tòsì lè kà á. Níta, táǹkì lítà 1,000 jókòó lórí búlọ́ọ̀kù tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90, ẹnu ẹ̀rọ sì wà ní 55 sókè ilẹ̀ kí kẹ́ẹ̀gì lè dúró ṣánṣán lábẹ́ rẹ̀. Táǹkì yìí ṣe pàtàkì: bí àwọn tó fẹ́ pọn bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ ni wọ́n ń pọn, agbára omi nínú ilé àwọn onílé kò ní wálẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó ń dá omi dúró nínú rẹ̀, ti bàbà ni wọ́n rà.

Àṣìṣe méjì ni wọ́n ṣe. Ẹ̀rọ oníke mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i nítorí owó, gbogbo wọn ti kán kí oṣù kan tó pé. Wọ́n fi méjì onírin dípò rẹ̀. Èkejì, wọ́n ta sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ láìṣe gọ́tà, ọ̀sẹ̀ méjì péré, ibẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀, ẹ̀fọn gbà á. Wọ́n padà wá ṣe é kó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n gbẹ́ ihò tí wọ́n kó òkúta sí fún omi tó bá dà. Èyí kò tó ọjọ́ méjì iṣẹ́, ì bá sì ti wà nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Àdéhùn náà ya omi mímu sọ́tọ̀ kúrò lára omi títà. Ilé kọ̀ọ̀kan ní abúlé ń pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lójúmọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹ́ruwà ń san ₦40 fún kẹ́ẹ̀gì kan. Dísù inú kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́ bíi ₦24, ìyá tí abúlé yàn láti máa ṣí ibẹ̀ ń mú ₦10, ₦6 tó kù ń lọ sí àpò àtúnṣe. Ní àràárọ̀ Sátidé, ìyá náà àti alábòójútó jọ ń ka mítà, wọ́n ń fi í wé ìwé kẹ́ẹ̀gì.

Oṣù àkọ́kọ́, omi tí mítà kà fi ìdá kan nínú méjìlá ju tinú ìwé lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń sọ pé ìyá náà ń jalè, ìyá náà sì kó kọ́kọ́rọ́ wá, ó ní òun ò ṣe mọ́. Alábòójútó ní kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá. Wọ́n fi ife ìwọn lítà kan rọ omi sí i títí ó fi kún dé ẹnu: lítà 27. Kẹ́ẹ̀gì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní 25 ń gba 27 bí wọ́n bá kún un bámú. Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Wọ́n yí ìṣirò sí 27, ìyá náà gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà lẹ́yìn tí alága lọ bá a nílé láti bẹ̀ ẹ́.

Fún ẹni tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá wà níwájú rẹ̀

Ṣe ìdánwò òru kí o tó ka ará ìta kankan. Kò náni ju rọ́bà mítà mẹ́ta àti oorun alẹ́ mẹ́ta lọ. Bí ó bá di kíkà, má fi í sọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu géètì, ọjọ́ méje kó pé, kí ọjọ́ ọjà àti Sọ́ńdè wà nínú rẹ̀. Kí o sì ya ẹni tó ń pọn tó ń mu kúrò lára ẹni tó ń pọn tó ń tà, nítorí àwọn méjèèjì ò lè gba ìdáhùn kan náà.

Lọ béèrè gbogbo ìwé tí ilé-iṣẹ́ bá ìdílé onílẹ̀ ṣe, kì í ṣe ìwé ilé nìkan. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti kó lọ, àwọn àgbà ìdílé máa ń ní tiwọn nínú àpótí. Kì í ṣe omi nìkan ló máa ń wà níbẹ̀: ọ̀nà tó gba àárín ọgbà lọ sí odò, ojúbọ, ibojì, gbogbo wọn ni a ti rí tí wọ́n di ìjà nítorí pé ẹni tó rà kò mọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ tà ṣèlérí.

Kọ ta ni yóò ra bọ́ọ̀lù tuntun. Nínú àdéhùn yìí, ohun tó wà nínú ọgbà jẹ́ ti ẹ̀sítéètì, ẹ̀rọ àti gọ́tà tó wà níta jẹ́ ti àpò àtúnṣe, bọ́ọ̀lù táǹkì ìta sì jẹ́ ti ẹ̀sítéètì, nítorí òun ló ń dá omi wọn dúró.

Kọ ti ẹ̀ẹ̀rùn náà sílẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Gbólóhùn kan ni wọ́n fi sínú tiwọn: bí súmò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, wákàtí omi abúlé àti ti ẹ̀sítéètì yóò dínkù ní ìwọ̀n kan náà. Ní Fẹ́búárì àkọ́kọ́, ó ṣẹlẹ̀. Onílé mẹ́ta wá sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n ti fáàfù abúlé ná. Alábòójútó ka gbólóhùn náà sí wọn létí, ó fi ìwé ibò 37 hàn wọ́n, lálẹ́ ọjọ́ náà ó sì ti fáàfù méjèèjì ní aago mẹ́jọ, ti abúlé àti ti ilé.